Alùpùpù Ọpẹ́ Àná

Òótọ́ pọ́ńbélé ni ọ̀rọ̀ yìí. Ẹni tó bá fẹ́ jiyàn, kó gba Hayin Dogo lọ ní Zaria, kó béèrè ṣọ́ọ̀bù Fàtíù tó ń tún alùpùpù ṣe, kó ní kí Fàtíù fi rọ́bà mẹ́ta tó so kọ́ ara ògiri han òun. Rọ́bà ọwọ́ alùpùpù ni, ti apá òsì nìkan. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló ti jẹ, ojú ìka mẹ́rin sì wà lára ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bẹ́ẹ̀, ọkùnrin tó ni alùpùpù tí wọ́n ti bọ́ wọn kò lè fi ọwọ́ òsì di ṣíbí mú.

Túbọ̀sún lorúkọ rẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́tàléláàádọ́ta ni. Zaria ni wọ́n bí i sí, Hausa yọ̀ lẹ́nu rẹ̀, ṣùgbọ́n ìyá rẹ̀ fi pàṣán kọ́ ọ ní ìkíni Yorùbá, kò sì gbàgbé. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa gbé irúgbìn tuntun lọ fún àwọn àgbẹ̀ ní àwọn abúlé ẹ̀yìn Basawa, kó máa padà lọ wò ó bí ó ṣe ń ṣe nínú oko. Iṣẹ́ náà ti wọ̀ ọ́ lẹ́jẹ̀.

Ní ọdún méjì sẹ́yìn, àìsàn rọpárọsẹ̀ kọlù ú. Ẹsẹ̀ bọ̀ sípò. Ẹnu bọ̀ sípò. Ọwọ́ òsì kọ̀. Ó rọ̀ síbẹ̀ bí aṣọ tí wọ́n sá tí wọ́n gbàgbé. Alùpùpù tó ń gùn tẹ́lẹ̀ di ohun tó ń wò lásán, nítorí ọwọ́ òsì ni wọ́n fi ń fa kílọ́ọ̀ṣì, ẹni tí kò bá sì fa kílọ́ọ̀ṣì kò lè wọ jíà. Ọ̀gá rẹ̀ níbi iṣẹ́ fi í sídìí tábìlì.

"Bí ẹ bá lè dé oko fúnra yín, tiyín ni," ni ọ̀gá náà wí. "Bí ìkórè bá dé tí ẹ ò tíì lè débẹ̀, màá fi ẹlòmíràn síbẹ̀."

Túbọ̀sún délé, kò lè jẹun. Ó dùn ún wọra. Tábìlì kọ́ ni wọ́n fi í sí lójú tirẹ̀, inú sàréè ni.

Fàtíù ló gbúròó alùpùpù kan ní Dogarawa. Ọmọ Ìlọrin ni Fàtíù, ṣùgbọ́n kò tíì sùn ní Ìlọrin rí ju ẹ̀ẹ̀mejì lọ.

"Ọtomátíìkì ni, Bàbá," ó wí. "Ti ayé àtijọ́, èyí tí wọ́n fi ń sáré lórí àpáta àti nínú ẹrẹ̀. Kò ní kílọ́ọ̀ṣì rárá. Wallahi, bí mo bá purọ́, ẹ má gbé iṣẹ́ wá fún mi mọ́."

Wọ́n lọ. Àgbàlagbà Hausa kan tó ń jẹ́ Alhaji Abdulmutalib ló ni ín. Abẹ́ àtíbàbà ló wà, adìẹ kan sì ń sàba lórí ìjókòó rẹ̀. Ó ga. Táyà rẹ̀ ní eyín ńláńlá. Àwọ̀ pupa ara táǹkì rẹ̀ ti ṣá. Túbọ̀sún fi ọwọ́ ọ̀tún kan apá òsì alùpùpù náà, níbi tó yẹ kí irin kílọ́ọ̀ṣì wà. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Rọ́bà gbígbó kan ṣoṣo ni, òun náà ti jẹ. Omi lé sójú rẹ̀.

Alhaji gbé adìẹ kúrò. Ó ta alùpùpù náà lẹ́sẹ̀ lẹ́ẹ̀marùn-ún kó tó jí. Túbọ̀sún gun orí rẹ̀, ó gbé ọwọ́ òsì sórí rọ́bà kó má baà máa fì, ó sì lọ.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí alùpùpù yìí ṣe rí, torí ibẹ̀ lọ̀rọ̀ wà. Bí èèyàn bá dẹwọ́ eré lórí alùpùpù mìíràn, ẹ́ńjìnnì á fà á sẹ́yìn. Èyí kì í fà. Ẹ́ńjìnnì á kàn rọlẹ̀, á máa kùn sínú, alùpùpù á sì máa yọ́ lọ. Táyà lórí yẹ̀pẹ̀ ni wàá máa gbọ́, àti èémí ara rẹ. Lọ́jọ́ yẹn, nígbà tí Túbọ̀sún dẹwọ́ eré níbi kọ́nà, ó dà bí ẹni pé èémí méjì ni òun gbọ́. Kò kà á sí. Inú rẹ̀ dùn jù.

Wọ́n dúnàá dúrà, wọ́n parí ẹ̀. Alhaji sìn wọ́n dé ẹnu ọ̀nà.

"Malam," ó wí, "in an gode maka, ka fara tambaya: a kan me?"

Bí wọ́n bá dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ, kọ́kọ́ béèrè pé nítorí kí ni. Túbọ̀sún rẹ́rìn-ín. Ó rò pé òwe kan ni.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó padà lọ sí Dogarawa láti lọ dúpẹ́ àná, gẹ́gẹ́ bí ọmọ tí wọ́n bí ire. "Alhaji, na gode da jiya."

Alhaji wò ó títí. "Me na yi jiya?"

Kí ni mo ṣe lánàá. Ó ya Túbọ̀sún lẹ́nu. "Alùpùpù tí ẹ tà fún mi ni."

"Toh," ni Alhaji wí. Ara rẹ̀ wálẹ̀. "Èyí, èmi ni. Ba komai." Kì í ṣe nǹkan kan nìyẹn.

Túbọ̀sún ń ráhùn títí ó fi délé. Irú ìwà wo nìyẹn? Yorùbá kì í bi ẹni tó ń dúpẹ́ pé kí ni mo ṣe fún ọ. Ẹni tó bá béèrè bẹ́ẹ̀ fẹ́ kí wọ́n máa ka oore òun létí ọjà ni. Wọ́n á ní ẹ ṣé àná, ìwọ á ní kò tọ́pẹ́, ó parí. Kò tilẹ̀ gba ìrònú.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni òun àti Fàtíù fi tún un ṣe. Wọ́n tú kábúrétọ̀, adìẹ ti kó ìyẹ́ sínú ẹ̀. Wọ́n pààrọ̀ púlọ́ọ̀gì, wọ́n gé ṣéènì ọkọ̀ mìíràn kúrú fún un. Ọ́ìlì pupa ni jíà rẹ̀ ń mu, irú èyí tí wọ́n ń dà sí ọkọ̀ ọtomátíìkì. Bí ọ́ìlì náà bá ti dúdú, jíà á máa yọ̀. Túbọ̀sún sọ ọ́ di iṣẹ́ ara rẹ̀. Lọ́jọ́ Sátidé kan sí èkejì, á jókòó sí ẹ̀yìnkùlé ní Basawa, á fi ẹsẹ̀ di abọ́ mú, á fi ọwọ́ kan tú nọ́ọ̀tì, á da ti àtijọ́ nù, á da tuntun sí i. Rónkẹ́, ìyàwó rẹ̀ tó jẹ́ olùkọ́, a máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé orogún òun ń mu zobo. Wọ́n wọ rọ́bà tuntun sí i lọ́wọ́ méjèèjì. Ó di ọjọ́ Ajé kan nínú oṣù kẹfà, Túbọ̀sún gba oko lọ fúnra rẹ̀. Ó kọrin lọ, ó kọrin bọ̀.

Ọ̀sẹ̀ kejì rẹ̀ ni ọpẹ́ bẹ̀rẹ̀.

Ọjọ́ Ajé mìíràn ni. Ìrì ṣì wà nílẹ̀. Zulaihat, agbẹ̀bí tó wà ní ilé ìwòsàn kékeré kan lẹ́yìn Basawa, dúró lẹ́bàá ọ̀nà. Yorùbá ni bàbá tirẹ̀ náà. Ó kúnlẹ̀.

"Bàbá, ẹ ṣé àná o. Ọlọ́run á san yín lẹ́san."

"Kò tọ́pẹ́, ọmọ mi."

Ó ti lọ dáadáa kó tó rántí pé àná, ọjọ́ Ìsinmi ni. Ó lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ó jẹun, ó sùn. Kò jáde mọ́. Ó pa ẹ́ńjìnnì. Ẹyẹ kankan kò ké. Ewé àgbàdo kò mì. Ó ní ọmọbìnrin náà ṣì í mú ni. Ṣùgbọ́n ta ló tún ń gun irú alùpùpù yìí ní gbogbo Zaria?

Lọ́jọ́ kẹta, Bashir tó ń gbin àgbàdo na ọwọ́ sí i láàárín oko. "Malam, mun gode da jiya. Yaron ya ji sauki." Ara ọmọ náà ti yá.

"Ba komai," ni Túbọ̀sún wí. Ó ti jáde lẹ́nu rẹ̀ kó tó mú un. Kò mọ ọmọ wo ni.

Bó ṣe ń lọ nìyẹn. Ẹ ṣé àná. Mun gode da jiya. Kò tọ́pẹ́. Ba komai. Ẹnì kan so àkùkọ mọ́ ẹ̀yìn alùpùpù fún un. Ẹlòmíràn fún un ní ẹ̀pà ìdajì àpò. Bashir, tó ti kọ irúgbìn tuntun fún ọdún mẹ́rin, fúnra rẹ̀ wá béèrè irúgbìn. N kò ní parọ́ fún yín, ó dùn mọ́ Túbọ̀sún. Ta ni wọ́n ń fi ọpẹ́ kẹ́ tí kò ní sanra? Òtítọ́ ni pé ó máa ń fọ alùpùpù náà ní ìrọ̀lẹ́, tí ẹrẹ̀ tútù á sì wà lára táyà rẹ̀ láàárọ̀. Òtítọ́ ni pé epo ń dín. Ó ní Fàtíù ló ń gùn ún. Fàtíù rò pé Túbọ̀sún ni.

Níparí oṣù keje, Fàtíù pè é wọ inú ṣọ́ọ̀bù.

"Bàbá, ọwọ́ òsì yín ti ń di nǹkan mú?"

"Rárá."

Fàtíù gbé rọ́bà méjì sílẹ̀. Ti ọ̀tún ṣì ń dán. Ti òsì ti jẹ, ìka mẹ́rin ti tẹ̀ wọ inú rẹ̀. Fàtíù ki ìka tirẹ̀ bọ̀ ọ́, kò gbà á, ìka rẹ̀ ki jù. Ó wá mú ọwọ́ òsì Túbọ̀sún níbi tó rọ̀ sí. Ó to ìka rẹ̀ síbẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan.

Wọ́n bá a mu rẹ́gí.

Fàtíù nu ọwọ́, ó so rọ́bà náà kọ́ ara ògiri. Láti ọjọ́ náà, bí ó bá tún alùpùpù yẹn ṣe tán, kì í gùn ún wò mọ́.

Túbọ̀sún gba Dogarawa lọ. Alhaji wà níbi tó ti ń mu tíì.

"Ó ti bẹ̀rẹ̀?" ni Alhaji bi í ní Hausa.

"Ó ti bẹ̀rẹ̀."

"O ní kì í ṣe nǹkan kan?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Ẹ̀ẹ̀melòó?"

Túbọ̀sún kò mọye.

Alhaji gbé ife sílẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n mi ló ni alùpùpù náà tẹ́lẹ̀. Ó ń gba gbogbo rẹ̀. Ẹni tó dúpẹ́ fún ohun tó ṣe, ó gbà. Ẹni tó dúpẹ́ fún ohun tí kò ṣe, ó gbà. Èèyàn dáadáa ni."

"Níbo ló wà?"

"Ọdún kọkànlá rèé tí kò wálé," ni Alhaji wí. "Wọ́n ṣì ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀."

Eṣinṣin kan ń kùn lórí ṣúgà. Túbọ̀sún ń gbọ́ ọ.

"Kí ni kí n ṣe?"

"Sọ òótọ́. Ẹni tó bá dúpẹ́, wí fún un pé ìwọ kọ́. Ọpẹ́ á dúró." Alhaji tún gbé ife rẹ̀. "Alùpùpù náà á dúró pẹ̀lú. Èmi sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Adìẹ ló ń gùn ún láti ọjọ́ náà."

Túbọ̀sún gun alùpùpù padà sílé jẹ́jẹ́. Kí ó sọ òótọ́, kí ó padà sídìí tábìlì. Tàbí kí ó dákẹ́, kí ó máa gba ohun tí kì í ṣe tirẹ̀, títí wọ́n á fi máa dúpẹ́ lọ́wọ́ òun náà lẹ́yìn tí ilé kò bá rí i mọ́. Ojú ń tì í, nítorí ó mọ èyí tí ọkàn rẹ̀ fẹ́.

Ní ọjọ́bọ̀ kan nínú oṣù kẹjọ, ó wọ ọkọ̀ lọ sí Kaduna kí dókítà lè wo ọwọ́ náà. Kó tó lọ, ó fi ṣéènì so alùpùpù mọ́ òpó nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó sì mú kọ́kọ́rọ́ lọ. Dókítà gbé ọwọ́ rẹ̀ sókè, ọwọ́ náà já bọ́. Ó gún un lábẹ́rẹ́, kò mọ̀ ọ́n. "Bákan náà ni," ni dókítà wí, ó kọ ọ́ sínú káàdì. Òjò ńlá dé. Túbọ̀sún sùn sílé àbúrò rẹ̀. Nínú ọkọ̀ àárọ̀ ọjọ́ kejì, ó pinnu. Ẹni àkọ́kọ́ tó bá ti dúpẹ́ lọ́wọ́ òun, òun á sọ òótọ́ fún un. Ó rò ó títí, ó rò ó tán.

Rónkẹ́ ló ṣílẹ̀kùn. Ó kúnlẹ̀, ẹ̀rín kún ojú rẹ̀.

"Bàbá Oyin, ẹ ṣé àná o."

Túbọ̀sún dúró síbẹ̀ pẹ̀lú báàgì lọ́wọ́.

"Bí kì í bá ṣe pé ẹ tètè ti Kaduna dé ńkọ́?" ni Rónkẹ́ ń wí. "Omi ti bo afárá. Mo ní mo mọ ojú ibẹ̀ lọ́kàn, ibẹ̀ náà ni mò ń gbà lọ síléèwé lójoojúmọ́. Ẹsẹ̀ mi yọ̀. Bí ẹ kò bá gbé alùpùpù wọ inú omi yẹn, tí ẹ na ọwọ́... Ọwọ́ òsì ni ẹ fi gbá mi mú! Mo fẹ́ sọ fún yín lánàá, ṣùgbọ́n ẹ gbé mi sílẹ̀ ni, ẹ yí padà. Mo rò pé oko ni ẹ lọ, tí òjò sì dá yín dúró síbẹ̀. Ọwọ́ yín ti sàn, Bàbá Oyin!"

Ó ká ọwọ́ aṣọ rẹ̀ sókè. Ojú ìka mẹ́rin wà ní ọrùn ọwọ́ rẹ̀, ó ti dúdú.

Túbọ̀sún wo ọ̀dẹ̀dẹ̀. Alùpùpù wà níbi tó so ó mọ́. Ṣéènì wà lára òpó. Omi ń kán lára táǹkì rẹ̀, tó, tó, tó, sórí símẹ́ńtì.

Ó la ẹnu láti sọ pé èmi kọ́. Ó wo ojú ìka mẹ́rin yẹn. Ẹnu rẹ̀ kò gbé e. Ó fẹ́ sọ pé kò tọ́pẹ́. Èyí náà kò ṣeé sọ. Ẹni tó yọ ìyàwó ẹni nínú omi, ta ni yóò gba ọpẹ́ rẹ̀ jẹ?

"Ìyá Oyin," ó wí níkẹyìn, "màá bá ọ jẹ́ iṣẹ́ ọpẹ́ yìí fún un."

"Fún ta ni?"

Ó mú káàdì ilé ìwòsàn jáde lápò. Ọjọ́ àná wà lára rẹ̀, pẹ̀lú ohun tí dókítà kọ. Ó gbé ọwọ́ òsì rẹ̀ lé àtẹ́lẹwọ́ ìyàwó rẹ̀. Ó wúwo, ó tutù. Rónkẹ́ ka káàdì náà. Ó wo ọrùn ọwọ́ ara rẹ̀. Ó wo ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ilé pa lọ́lọ́, àfi omi tó ń kán.

Ẹ̀rù bà á, mo mọ̀, ó sọ fún mi. Ṣùgbọ́n Rónkẹ́ kì í ṣe ẹni tí ẹ̀rù ń gba ìwà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó tún ìró rẹ̀ ró, ó rìn lọ síbi alùpùpù náà, ó kúnlẹ̀ lórí símẹ́ńtì tútù.

"Ẹ ṣé àná o," ó wí.

Túbọ̀sún dọ̀bálẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. "Ẹ ṣé àná, sà. Ẹ ṣé gan-an."

Wọ́n dúró kí ó dáhùn. Kò dáhùn. Omi náà ti dákẹ́.

Láti ọjọ́ yẹn, Túbọ̀sún kò gba ọpẹ́ ọlọ́pẹ́ mọ́, kò sì kọ̀ ọ́. Bí wọ́n bá ní ẹ ṣé àná, á ní, "Màá jẹ́ ẹ fún un." Àwọn èèyàn rò pé Ọlọ́run ló ní lọ́kàn, wọ́n á ní àmín. Bí ó bá délé, á jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, á máa jẹ́ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Bashir ní ẹ ṣé. Ìyá arúgbó inú abúlé kejì ní kí Ọlọ́run fún yín ní ẹ̀mí gígùn. Alùpùpù kò dúró. Ìkórè dé, ọ̀gá rẹ̀ wá wo oko, ó yí i ká, ó ní kí Túbọ̀sún máa bá a lọ. Lọ́jọ́ náà, Rónkẹ́ fi àkùkọ yẹn se ọbẹ̀.

Alhaji gbọ́ nípa iṣẹ́ ọpẹ́ tó ń jẹ́ yìí. Ó gbọn orí. "Ẹ̀gbọ́n mi kò ronú kan ìyẹn," ni gbogbo ohun tó sọ.

Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni ohun tó kù yìí ṣẹlẹ̀. Zulaihat tún dúró lẹ́bàá ọ̀nà níbi tó dúró sí lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ọyẹ́ ti dé, eruku bo ojú oòrùn. Ẹ̀rín ń pa á.

"Bàbá, aláwàdà ni yín o. Àná tí ẹ gbé mi lọ sọ́dọ̀ aláboyún yẹn, ẹ ní bí mo bá rí yín lórí alùpùpù yìí lónìí, kí n bá yín dúpẹ́ lọ́wọ́ yín."

Fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé rẹ̀, Túbọ̀sún béèrè.

"Nítorí kí ni?"

"Ẹ ní ọ́ìlì pupa ni. Ẹ ní ó tù yín lára."

Sátidé ló pààrọ̀ ọ́ìlì náà. Òun nìkan ló wà ní ẹ̀yìnkùlé. Abọ́ ni ó fi ẹsẹ̀ dì mú, bí ó ti máa ń ṣe. Túbọ̀sún wo ọwọ́ òsì rẹ̀ lórí rọ́bà. Ó fi ọwọ́ ọ̀tún kàn án. Ọwọ́ òsì náà tutù, ọyẹ́ sì ń mú, ṣùgbọ́n rọ́bà náà lọ́wọ́ọ́wọ́.

Èyí, òun ni. Òun ló ṣe é.

"Kò tọ́pẹ́," ni Túbọ̀sún wí.

Ó kí Zulaihat pé ó dàbọ̀, ó sì lọ. Níbi gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tó wọ oko Bashir, ó dẹwọ́ eré. Ẹ́ńjìnnì rọlẹ̀. Alùpùpù ń yọ́ lọ, táyà ń dún lórí yẹ̀pẹ̀. Ó fetí sílẹ̀ sí èémí kejì, kò sì kánjú.